Ọjọ́ Tí Mo Pọnmi ní Erékùṣù Àdúrà

Màmá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́ kan kí wọ́n tó bí mi, wọn ò sì rí i san. Ohun tó gbé mi kúrò ní Jakande Estate, Ìsọlọ̀, láàárọ̀ Sátidé kan nìyẹn, tí mo forí lé erékùṣù kan ní òdìkejì omi ní Badagry, èmi nìkan, pẹ̀lú inú òfìfo àti ìbínú díẹ̀. Erékùṣù náà ní orúkọ, àmọ́ mi ò ní í kọ ọ́ síbí. Àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ kò fẹ́ èrò ìwòran, èmi náà ò sì fẹ́ ẹ fún wọn.

Ọdún mẹ́fà ni Màmá fi wà nílé ọkọ láìrí ọmọ. Yàrá kan ni wọ́n ń gbé nígbà náà ní Ìsọlọ̀. Tíṣà ni Bàbá mi, wọ́n tún jẹ́ káteékísì ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwa ará Èkìtì ń lọ ládùúgbò. Obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan lẹ́nu ọ̀nà wọn ló sọ fún Màmá pé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lórí erékùṣù kan ní Badagry, tí àwọn apẹja ti kọ́ láti ayé àwọn baba ńlá wa, pé kànga kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn tó ń wá ọmọ. Màmá yọ́ lọ. Wọ́n mumi kànga náà, wọ́n fi wẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí pé táwọn bá bímọ, ọmọ náà á padà wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúpẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi.

Nígbà tí Bàbá gbọ́ ibi tí ọmọ ti wá, wọ́n fárígá. Wọ́n ní ọmọ káteékísì kankan ò ní í lọ sídìí kànga àwọn aláṣọ funfun. Bàbá mi kì í pariwo, àmọ́ tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn.

Bàbá kú. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mi ò bímọ. Láti ìgbà náà ni Màmá ti gbà pé ẹ̀jẹ́ yẹn ló fà á, wọ́n ń bẹ̀ mí kí n lọ san án, èmi sì ń sún un síwájú. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á ní, “Olúwa, èmi ni mo jẹ̀bi, má torí mi fìyà jẹ ọmọ mi.” Ògiri fúláàtì wa kò nípọn. Gbogbo rẹ̀ ni mò ń gbọ́ nínú yàrá tèmi.

Ohun tí mi ò sọ fún Màmá rèé. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, wọ́n là mí nítorí ìju, wọ́n rí i pé ilé ọmọ mi ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n sì gbé e kúrò. Mo ní kí wọ́n máa sọ fún Màmá pé apẹ́ńdíìsì ni. Mo rò pé mò ń ṣàánú wọn ni. Ọdún kan di méjì, méjì di ogún ó lé díẹ̀, irọ́ náà sì pẹ́ títí tí mi ò fi mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ọkọ mi mọ̀. Ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn, ó ti bímọ mẹ́rin, a ṣì máa ń kíra wa. Màmá nìkan ló ń bá ara wọn ṣẹjọ́ láràárọ̀, èmi tí mo lè dá ẹjọ́ náà dúró sì dákẹ́.

Nígbà tí a gba ọlidé táàmù kejì níléèwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, Màmá ṣubú ní balùwẹ̀. Egungun kankan ò ṣẹ́, àmọ́ ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní, “Ṣé bí màá ṣe kú rèé, pẹ̀lú ẹ̀jẹ́ lọ́rùn?”

Mo ní, “Màmá, mo máa lọ ní Sátidé. Ó tó, ẹ jẹ́ ká sinmi.”

Ohùn tí mo fi sọ ọ́ kò dáa, èmi náà mọ̀. Àmọ́ ẹ̀rín ni Màmá fi gbà á. Èrò ọkàn mi ni pé tí mo bá ti lọ tí mo bọ̀, wọ́n á yé dá ara wọn lẹ́bi, èmi náà ò sì ní í ní ìdí láti jẹ́wọ́ mọ́. Ẹni tó mọ̀ mí á mọ̀ pé bí mo ṣe máa ń ronú nìyẹn: kí iṣẹ́ ti tán, kí ìtìjú má sí níbẹ̀.

Ìlànà tí Màmá rántí kò pọ̀. Kí n gbààwẹ̀ títí màá fi mumi níbẹ̀. Kí n má tẹ̀ lé èrò kankan, kí n má gba ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ẹni tí wọ́n tọrọ nìkan ló gbọ́dọ̀ padà. Èyí tó kù, èmi ni mo fi kún un. Nílé wa, ẹni tó ń lọ dúpẹ́ kì í mú ọwọ́ lásán lọ. Nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, mo ra iṣu mẹ́ta ní Èjìgbò, èyí tó tó itan ọmọdé, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì aláràbarà tí a fi ń kó ẹrù rìnrìn àjò. Kò sẹ́ni tó rán mi.

Aago mẹ́fà kò tíì lù tí mo fi wọkọ̀ ní Òkè-Afá. Mo sọ̀ ní Mile 2, mo wọ òmíràn tó ń lọ Badagry. Ọ̀nà yẹn, àwọn agbófinró ibẹ̀ pọ̀, nítorí pé ọ̀nà bọ́dà ni, ojú gbogbo wọn sì wà lára ẹrù. Ọ̀kan nínú wọn gbá báàgì mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ níkùn.

“Mọ́mì, kí ló wà níbí?”

“Iṣu ni.”

“Ẹ̀ ń gbé iṣu kúrò l'Ékòó lọ sí Badagry?”

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi, àmọ́ òótọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà tún wo iṣu, ó wo ojú mi, ó mirí, ó ní ká máa lọ.

Ní èbúté, ọlọ́kọ̀ ojú omi kan tó jẹ́ ará Ègùn da jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, tó ń rùn bí ẹja, bò mí lọ́rùn, ó sì fà mí lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀. Ọ̀sà tẹ́jú rẹrẹ, kò mì. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń pariwo, èmi náà ń ka àdúrà tí mo mọ̀ lórí. Nígbà tó kù díẹ̀ ká gúnlẹ̀, ó dé ọ̀gangan igi àgbọn kan tó tẹ̀ sórí omi, ó sì paná ẹ̀rọ. Mo rò pé ó ti bàjẹ́. Mo fẹ́ pariwo. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ láti fi sọ fún mi pé kí n dákẹ́, ó mú àjẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Wọn kì í tan ẹ̀rọ dé etí erékùṣù yẹn.

Mi ò mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí etí mi ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ gbẹ̀yìn. Ní Jakande, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin àti mọ́ṣáláṣí méjì ló yí ilé wa ká, jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ géètì. Níbẹ̀, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán látara àjẹ̀ padà sínú ọ̀sà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìbínú tí mo ti ń gbé láti Òkè-Afá rọ̀ díẹ̀.

Bàtà àwọn èèyàn wà lórí pákó èbúté, wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ẹsẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Mo bọ́ tèmi síbẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan gba àárín igi àgbọn lọ, iyanrìn funfun ni gbogbo rẹ̀, ó tutù nínú ìbòòji, ó ń jóni níbi tí oòrùn bá ti ràn. Mo gbé báàgì lérí. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, tíṣà tó ń lé ọmọ ọlọ́mọ kúrò nínú oòrùn, mo ń rìn láìwọ bàtà pẹ̀lú iṣu mẹ́ta lórí. Bí mo ṣe ń rìn ni mò ń gbọ́ ohùn kan níwájú, ó ń hó, ó ń rọlẹ̀, ó tún ń hó. Òkun ni, ní apá kejì erékùṣù. Ó jọ pé ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀ ń mí.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò ga. Mo ti ń retí ilé ńlá kan. Ìkarahun ni wọ́n sun, tí wọ́n pò bíi sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n fi kọ́ ọ, ògiri rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè jókòó sójú fèrèsé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì yọ síta. Nínú rẹ̀, kò sí àga, kò sí fáànù, kò sí gbohùngbohùn. Iyanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbá a dáadáa. Pákó ìkúnlẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níwájú, dúdú ni, orúnkún àwọn èèyàn sì ti jẹ ẹ́ wọlé títí ó fi ní ihò méjì, ìkan ní ọ̀tún, ìkan ní òsì. Mo dúró wò ó. Ta ní mọ iye èèyàn tó ti kúnlẹ̀ síbẹ̀ kí igi tó le bẹ́ẹ̀ tó jẹ wọlé? Màmá mi wà nínú wọn.

Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ funfun jáde láti ẹ̀yìn. Àwọn ló ń tọ́jú ibẹ̀. Yorùbá wọn ní adùn Ègùn nínú.

“Ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé ẹ ti wá síbí rí?”

“Rárá, Mà. Màmá mi ló wá. Èmi ni ọmọ tí wọ́n rí gbà.”

Wọ́n wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Ọmọ kànga! Wọn kì í padà wá mọ́. Wọ́n á tọrọ, wọ́n á rí gbà, wọ́n á gbàgbé ọ̀nà.” Ojú wọn wá bọ́ sára báàgì. “Kí lèyí?”

“Iṣu ìdúpẹ́ ni, Mà.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fọwọ́ ti ògiri. “Iṣu! Ta ló sọ fún ẹ pé ebi ń pa wá? Ìdúpẹ́ kànga kì í ṣe iṣu, omi ni. Ẹni tí kànga bí ló ń pọnmi fún ẹni tó ń wá ọmọ. Ìkòkò ló wà níbẹ̀ yẹn. Lọ pọn ọ́n kún.”

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sẹ́yìn, ojú ń tì mí nítorí iṣu. Kànga náà kò jìn. Láti ẹnu rẹ̀, mo rí òkun láàárín igi àgbọn, ìgbì rẹ̀ ń fọ́ funfun, kò jìnnà tó iwájú ilé wa sí géètì Jakande. Ìyá náà bu omi fún mi nínú igbá kékeré, wọ́n ní kí n fi ṣínu. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn, ó tutù, kò sí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀.

Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọléèwé. Mo mọ ohun tó fà á. Omi òjò tó wọnú iyanrìn fúyẹ́ ju omi òkun lọ, orí rẹ̀ ló máa ń wà, bí epo ṣe ń léfòó lórí ọbẹ̀. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó fún ohun tó lé ní ogún ọdún, mo sì ti na ọmọ tí kò yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò tọ́ ọ wò rí. Iyọ̀ lọ́tùn-ún, iyọ̀ lósì, iyọ̀ nísàlẹ̀, omi dídùn tín-ín-rín kan sì wà láàárín, ó ń dúró de ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìwé mi kò sọ fún mi pé èèyàn lè sunkún tó bá mu ún.

Mo kó aṣọ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn. Ìkòkò náà tóbi, wọ́n ti ri ìdajì rẹ̀ mọ́ iyanrìn. Ẹ̀yìn dùn mí, ọwọ́ mi bó. Ìyá náà jókòó tì mí, wọn ò ràn mí lọ́wọ́, wọn ò sì ní kí n sinmi. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí ọmọbìnrin kan lábẹ́ igi furúùtù, ó ró ìró lásán, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo oúnjẹ lórí iná.

Ìyá náà ní, “Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti wà níbí. Omi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pọn kò lè ràn án lọ́wọ́. Bí ọmọ kànga kò bá wá, àdúrà nìkan la ó gbà fún un kó tó máa lọ. Ìwọ lo máa da omi náà lé e lórí.”

Okùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fa ìyá náà sẹ́yìn igi kan, mo sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kankan rí yàtọ̀ sí ọkọ mi.

“Mà, mi ò bímọ. Wọ́n ti gbé ilé ọmọ mi kúrò. Ẹ wá ẹlòmíràn, kí ọmọ ọlọ́mọ má lọ kó àgàn mi.”

Ìyá náà kò tilẹ̀ ronú. “Mo bi ẹ́ léèrè iye ọmọ tó o bí? Ọmọ tí wọ́n bí ni mò ń wá. Ṣé wọn ò bí ẹ ni?”

“Wọ́n bí mi, Mà.”

“Lọ gbé igbá.”

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó dijú. Kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo bu omi, mo dà á sí i lórí díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà ń gbàdúrà ní Ègùn, mi ò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀ àfi àmín. Ara ọmọ náà ń gbọ̀n. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú ṣinṣin, kò sì fi sílẹ̀. Mo bu omíràn. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ara mi, jẹ́jẹ́, pé, “Mo fẹ́ bímọ. Mo fẹ́ ẹ gan-an.” Omi bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Ó dùn mí, mi ò lè parọ́, ó dùn mí wọ egungun. Lójú kan náà, ayọ̀ kan wọ inú mi tí mi ò mọ ibi tó ti wá. Ẹnì kan ti dúró síbi tí mo dúró sí rí, ọmọ kànga kan tí mi ò mọ̀, ó da omi lé ìyá mi lórí, òun náà sì lẹ́nì kan tó da omi lé ìyá tirẹ̀. Mo ronú nípa wọn títí, ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí.

Ọmọbìnrin náà dìde, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí,” ó sì lọ jókòó sínú oòrùn láti gbẹ.

Mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo kó orúnkún mi sínú ihò méjèèjì pákó yẹn. Wọ́n bá mi mu. Òkun ń gbàdúrà tirẹ̀ lẹ́yìn ògiri, mo sì jẹ́ kó máa gbà á. Ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú nígbà tí mo dìde: mi ò lè fi irọ́ yẹn kún ọjọ́ kan sí i. Mo ti sọ òótọ́ náà jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹnu mi ò sì ya.

Ìyá àgbà gba ọ̀gẹ̀dẹ̀, àmọ́ wọ́n kọ iṣu. Ọlọ́kọ̀ ojú omi gbà á láìjẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo padà dé Jakande. Màmá wà lórí àga lẹ́nu fáráńdà, aládùúgbò tó bá mi tọ́jú wọn sọ pé wọn ò kúrò níbẹ̀ láti ọ̀sán. Kí n tó jókòó ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣì wà lóòró? Ṣé wọ́n ṣì ń bọ́ bàtà? Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí kan iṣu. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń wúkọ́.

“Ṣé ẹ̀jẹ́ náà ti wá san báyìí?”

“Ó ti san, Màmá.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sí nígbà tí mo ń kúrò nílé láàárọ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn.

“Màmá, kì í ṣe torí ẹ̀jẹ́ yín ni mi ò fi bímọ. Ọjọ́ tí wọ́n là mí, kì í ṣe apẹ́ńdíìsì. Ilé ọmọ mi ni wọ́n gbé kúrò. Mo parọ́ fún yín ni.”

Màmá ń wo ọwọ́ ara wọn. “Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ kí ni?”

“Èmi ni mo jókòó tì ẹ́ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì rò pé wọ́n ti sọ fún mi, ó kí mi pé mo kú ọ̀rọ̀ èèyàn, pé ẹ̀mí rẹ ló ṣe pàtàkì. Nígbà tó o wá jí, tó o ní apẹ́ńdíìsì ni, mo ní bó o ṣe fẹ́ ká máa pè é nìyẹn.”

“Ẹ mọ̀, ẹ tún ń dá ara yín lẹ́bi láràárọ̀?”

“Mo rò pé ẹ̀jẹ́ tí mi ò san ló wá gbà á lọ́wọ́ ẹ.”

Ogún ọdún ó lé. Ògiri kan ló wà láàárín wa, oníkálukú ń sunkún tirẹ̀ sí i. Mo gbé orí lé wọn lẹ́sẹ̀, ẹkún tí mi ò sun tán ní erékùṣù sì yọ. Mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò rí ọmọ-ọmọ gbé fún yín.”

Wọ́n gbá mi lórí, kò dùn mí.

“Ta ló tọrọ ọmọ-ọmọ? Ọmọ kan ni mo lọ tọrọ níbẹ̀. Wọ́n sì fún mi.”